Ṣé mo lè ra ìbọn sílé? Ìbéèrè àti ìdáhùn lẹ́yìn ìkọlù Èrúkù

Lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó èèyàn 38 lọ kí ìjọba tó rí wọn gbà padà. Láti ìgbà náà lọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn ará Kwara kan: kí ìjọba jẹ́ kí kálukú gbé ìbọn. Àwọn kan ní òfin ti gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn kan ní ẹ̀wọ̀n ni. Òótọ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì.

Ṣé òfin gbà kí aráàlú ní ìbọn?

Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá ní ìwé àṣẹ.

Ìbọn wo?

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Òfin Ìbọn ọdún 1959 pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ológun, arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́ wà lápá kìíní: Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì àti ìbọn afẹ́fẹ́ wà lápá kejì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fúnni láṣẹ rẹ̀. Ṣakabùlà ló gbẹ̀yìn, ọwọ́ kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lẹ ti máa gbàwé tirẹ̀. Wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé 17, alárùn ọpọlọ, ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n ìwà ipá láàárín ọdún 5.

Ẹ wo ọdẹ tó fẹ́ yin ṣakabùlà. Á da etù sẹ́nu ìbọn, á fi ọ̀pá kì í, á da ọta sí i, á tún kì í, lẹ́yìn náà ni á tó gbé e sójú. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa dún. Ẹni tó gbé AK-47 dání ò ní dúró dè é. Ṣakabùlà yẹn sì ni ìbọn tó rọrùn jù lọ láti gbàwé rẹ̀.

Pump action tí fijilanté ń gbé kiri ńkọ́?

Òfin yọ ìbọn tó ní ohun tí wọ́n fi ń ti ọta kejì bọ ẹnu rẹ̀, bíi pump action, kúrò nínú èyí tí ọ̀gá ọlọ́pàá lè fọwọ́ sí. Irú rẹ̀ 661 ni àwọn aṣọ́bodè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo l'Ékòó ní oṣù Kìíní ọdún 2017. Síbẹ̀, ó ń kọjá lójú títì lọ́sàn-án gangan, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè.

Gómìnà ò lè fún wa láṣẹ?

Kò lè. Ọ̀rọ̀ ìbọn wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Gómìnà Zamfara, Bello Matawalle, dán an wò lóṣù Kẹfà ọdún 2022: ó ní kí wọ́n pín fọ́ọ̀mù 500 fún ẹ́míréétì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gágun Lucky Irabor, olórí àwọn ológun nígbà náà, sọ pé gómìnà kò lágbára bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn ńkọ́?

Ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ni. Wọ́n ka Kwara mọ́ Àríwá, wọn ò bi èdè wa léèrè.

Ṣé ìbọn níní kì í ṣe ẹ̀tọ́ wa, bíi ti Amẹ́ríkà?

Rárá. Wọ́n ti kọ ẹ̀tọ́ yẹn sínú òfin wọn láti ọdún 1791, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù sì sọ lọ́dún 2008 pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ín, ó lè fi í dáàbò bo ilé rẹ̀. Kò sí irú ẹ̀ nínú òfin wa. Ohun tí apá 33 ìwé òfin ọdún 1999 wí ni pé a lè gbèjà ara wa, bí agbára tí a lò kò bá ju ohun tó yẹ lọ. Ìyẹn ò sọ pé ká ra ìbọn.

Bí mo bá ra èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀?

Owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Ẹ má wo owó yẹn, kò ra àpò ìrẹsì. Ìgbà ológun ni wọ́n ti kọ ọ́. Ọdún 10 yẹn ni kẹ́ ẹ wò.

Ṣé ìbọn nílé kò ní lé ajínigbé sá?

Ó lè lé e. Ó sì lè jẹ́ ìbọn yẹn gan-an ló ń bọ̀ wá gbé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, kí àwọn adigunjalè tó fọ́ báǹkì l'Ọ́fà, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n pa ọlọ́pàá 9, wọ́n kó ìbọn ibẹ̀ lọ. Èmi ò mọ bí wọ́dúróòbù yín ṣe máa le ju àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ìbọn bàbá mi tó ti kú ṣì wà lájà. Kí ni kí n ṣe?

Orúkọ bàbá ló wà nínú ìwé àṣẹ yẹn, ẹ kò jogún rẹ̀ mọ́ ilé. Ẹ má yìn ín wò. Ẹ má sì gbé e kọ́ èjìká gba ojú títì lọ sí àgọ́, nítorí ọlọ́pàá tó bá pàdé yín lọ́nà kò mọ̀ pé ẹ̀ ń mú un bọ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ fẹnu sọ fún DPO, kẹ́ ẹ mú ìwé bàbá dání, kí olórí ọdẹ tàbí lọ́yà sì tẹ̀ lé yín.