Lawrence Corey àti ìwádìí hẹ́pìsì abẹ́

Lawrence Corey jẹ́ dókítà àti onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí lọ́dún 1947. Yunifásítì Michigan ló ti kàwé dókítà, ṣùgbọ́n Seattle ló ti ṣe iṣẹ́ táyé fi mọ̀ ọ́n, ní Yunifásítì Washington àti ilé ìwádìí Fred Hutch. Hẹ́pìsì abẹ́ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí, ìyẹn ìléròrò wẹ́wẹ́ tó máa ń sú sójú ara, tó ń ta èèyàn bí iná, tá sì bẹ́ di egbò. Fáírọ́ọ̀sì HSV-2 ló sábà ń fà á, HSV-1 tó ń ṣe ẹnu náà sì lè fà á.

Ní Ìkòròdú, tí irú ẹ̀ bá yọ séèyàn lábẹ́, atọ̀sí tàbí "tọ́ílẹ́ẹ̀tì" ni wọ́n máa ń pè é. Onítọ̀hún á dúró ní kẹ́míìsì ní Sábó títí àwọn oníbàárà yòókù á fi lọ tán, á wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á kó kápúsù fún un, ẹlòmíì á tún ra àgbo kún un. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin egbò á jiná, á sì gbà pé oògùn ló ṣiṣẹ́. Bakitéríà ni kápúsù yẹn ń pa o, kò rí fáírọ́ọ̀sì ṣe, egbò hẹ́pìsì máa ń jiná fúnra ẹ̀ ni, fáírọ́ọ̀sì á kàn lọ sá pamọ́ sí gbòǹgbò nááfù nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn, tó bá tún yá á jáde.

Ibi tí iṣẹ́ Corey ti kàn wá gan-an nìyẹn. Òun, Anna Wald àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fún àwọn tó ní àrùn yìí ní igi olówùú lọ sílé, ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń fi nu ojú ara wọn, wọ́n á tì í bọ inú ìgò kékeré, wọ́n á kó o wá sí lábù, yálà ó ń dùn wọ́n ni o tàbí kò dùn wọ́n. Wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí kò sí egbò kankan. Ẹni tára ẹ̀ dá ṣáṣá lè kó o ran ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ láìmọ̀, ọ̀nà yìí ló sì ń gbà ràn jù.

Corey kọ́ ló ṣe acyclovir, ìyẹn oògùn hẹ́pìsì, iléeṣẹ́ Burroughs Wellcome ló ṣe é, níbi tí Gertrude Elion tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1988 ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Corey wà lára àwọn tó dán an wò lára aláìsàn kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí ìpara ẹ̀ lọ́dún 1982. Oògùn náà máa ń sùn ni títí á fi dé ibi tí fáírọ́ọ̀sì wà, fáírọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ lá á jí i, lòun náà á bá dí i lọ́wọ́ kó má lè bí sí i. Èyí tó sá pamọ́ sí nááfù ni ọwọ́ ẹ̀ ò tó.

Lọ́dún 2004 Corey àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé àbájáde ìdánwò kan jáde lórí tọkọtaya 1,484 tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ní HSV-2: nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní in lo valacyclovir, oògùn tó ń di acyclovir nínú ara, 500 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún oṣù mẹ́jọ, ìdajì yòókù gba oògùn àfarawé tí kò ní oògùn kankan nínú. Nínú àwọn tó gba oògùn gidi, àwọn ẹnìkejì 14 ló kó àrùn náà, lápá kejì 27.

Àwọn ará Seattle yìí náà tún rí i pé ọmọ tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó hẹ́pìsì nígbà tí ìbímọ ku díẹ̀ ló wà nínú ewu jù, ju ti ìyá tó ti ní in tipẹ́ lọ. Aláboyún ní Ìgbógbó tàbí Ìjẹ̀dẹ̀ tó bá rí egbò lábẹ́, nọ́ọ̀sì ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú rárá.

Corey tún darí ẹgbẹ́ HVTN tó ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára HIV, ó jẹ́ ọ̀gá Fred Hutch láti 2011 sí 2014, ó sì wà nídìí ìdánwò abẹ́rẹ́ Kòfíìdì lọ́dún 2020. Abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹ́pìsì tóun fúnra ẹ̀ darí ìdánwò ẹ̀, tí àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1999, kò ṣiṣẹ́, kò sì tíì sí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí.