Helping Babies Breathe ní Tanzania

Helping Babies Breathe (HBB) jẹ́ ètò tí wọ́n fi ń kọ́ agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì àti dókítà bí wọ́n ṣe lè ran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́ níbi tí irinṣẹ́ kò ti pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, ló ṣagbátẹrù rẹ̀ pẹ̀lú USAID (àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà), àjọ Save the Children, Laerdal (ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìlera) àti àwọn mìíràn, wọ́n sì gbé e jáde ní 2010. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń kọ́ni jẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tó ń wá láti òkè òkun fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n á kọ́ àwọn olùkọ́ ìbílẹ̀, tí wọ́n á sì padà sílé. Tanzania wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tètè gbà á, ẹ̀rí tó wá láti ibẹ̀ sì wà lára èyí tó wúwo jù lọ nípa ohun tí irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ìṣẹ́jú wúrà

Nínú ọmọ mẹ́wàá tí a bí, bí ọ̀kan ló máa ń nílò ìrànlọ́wọ́ kó tó mí dáadáa; àwọn tó nílò oògùn tàbí ìtọ́jú tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kò pé ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ náà fi dá lé 60 ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní ìṣẹ́jú wúrà. Agbẹ̀bí á nu ọmọ gbẹ, á mú aṣọ tó ti rin kúrò lára rẹ̀, á sì máa fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Bí omi tàbí ikun bá dí ọ̀nà, á fà á kúrò: ẹnu lákọ̀ọ́kọ́, imú lẹ́yìn, torí ọmọ lè mí sínú lójijì bí a bá fọwọ́ kan imú, kó sì fa ohun tó wà lẹ́nu wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí kò bá tíì mí, á gé ìwọ́, á sì fi báàgì (àpò rọ́bà tí a ń fọwọ́ tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde) àti ìbòmú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú kí ìṣẹ́jú náà tó pé, ní nǹkan bí ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ìbòmú gbọ́dọ̀ bo àgbọ̀n, ẹnu àti imú, kó má kan ojú. Nọ́ńbà 1 ni fún ọmọ tó pé oṣù, nọ́ńbà 0 fún èyí tó kéré. Àyà ọmọ ni àmì tí a ń wò. Bí kò bá gbéra, a ó tún ìbòmú gbé, a ó tún orí tò (orí tó tẹ̀ síwájú ń dí ọ̀fun, èyí tó tẹ̀ sẹ́yìn jù náà ń dí i), a ó wo ẹnu bóyá nǹkan wà níbẹ̀, a ó là á díẹ̀, a ó sì tẹ báàgì le sí i. Àṣìṣe méjì tó wọ́pọ̀ ni kí afẹ́fẹ́ máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòmú, àti kí fífa ikun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣẹ́jú wúrà á fi tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan báàgì.

Bèbí NeoNatalie, ìyẹn ọmọláńgidi, ni wọ́n fi ń dánra wò. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi lítà méjì ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kó lè wúwo, kó sì rọ̀ jọwọrọ bí ìkókó. Olùkọ́ á máa tẹ àwọn rọ́bà kéékèèké láti mú kí ó mí, kí ó ké, tàbí kí ìwọ́ rẹ̀ máa lù kìkì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é ní méjì-méjì, olùkọ́ kan fún bí ẹni mẹ́fà.

Àbájáde

Ilé ìwòsàn mẹ́jọ ni Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera Tanzania ti kọ́kọ́ ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 dín kù ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún, iye ọmọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kú kété kí a tó bí i sì dín kù ní ìdá 24. Ó ṣeé ṣe kí apá kan nínú ìyípadà kejì yìí wá láti ara àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ṣì ń lù, tí wọ́n ì bá ti kà sí òkú tẹ́lẹ̀. Àfiwé ṣáájú àti lẹ́yìn ni ìwádìí náà, kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé HBB nìkan ló fà á.

Ilé ìwòsàn Haydom Lutheran, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ló kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan níbẹ̀ ní 2010. Lẹ́yìn oṣù méje, àwọn òṣìṣẹ́ mọ bèbí í lò dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọmọ gidi ní yàrá ìbímọ kò yí padà, ikú kò sì dín kù. Ní 2011 ni wọ́n wá gbé bèbí sẹ́nu iṣẹ́: ìdánrawò ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, pẹ̀lú àtúnkọ́ 40 ìṣẹ́jú lóṣooṣù, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fúnra wọn ló sì ń darí rẹ̀. Ikú láàárín wákàtí 24 sọ̀ kalẹ̀ láti 11.1 sí 7.2 nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ra lẹ́yìn pọ̀ sí i, àwọn tó nílò báàgì dín kù.

Nítorí náà, kì í ṣe iye ènìyàn tó jókòó sí kíláàsì ló yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ olùyọ̀ǹda. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bóyá bèbí wà lórí tábìlì nítòsí yàrá ìbímọ, tí wọn kò tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bóyá ẹnì kan ní ojúṣe láti máa pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìdánrawò. Àti bóyá òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé wá láti wọ́ọ̀dù mìíràn ti fọwọ́ kan báàgì kó tó wọ iṣẹ́ òru.

Àtúnṣe

Ẹ̀dà kejì jáde ní 2016. Ó fi ìdánrawò kúkúrú lemọ́lemọ́ kún ẹ̀kọ́ náà, àti bí a ṣe ń tú báàgì palẹ̀, fọ̀ ọ́, pa kòkòrò ara rẹ̀, tò ó padà, kí a sì dán an wò kí ìbímọ tó kàn tó dé. Wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní Nàìjíríà pẹ̀lú, níbi tí àwọn olùwádìí ti dán ìdánrawò orí fóònù wò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Kenya.