Omi jíjò lára ẹ̀rọ amúlétutù ilé

Omi jíjò lára ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ésì, ni kí omi máa kán sínú yàrá dípò kó gba ọ̀nà rẹ̀ jáde sí ìta. Omi náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn ẹ̀rọ. Nígbà tí Willis Carrier, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ya àwòrán ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1902, fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ní ìlú New York, ọ̀rinrin tó ń ba bébà jẹ́ gan-an ni wọ́n ní kó bá wọn lé lọ.

Ibi tí omi ti ń wá

Nínú apá tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, gáàsì tútù ń gba inú kóìlì, ìyẹn páìpù tí wọ́n ká lọ ká bọ̀, kọjá, fáànù sì ń fa afẹ́fẹ́ yàrá gba ara kóìlì náà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sára kóìlì bí ìrì, gẹ́gẹ́ bí ara ìgò omi tútù ṣe ń làágùn. Omi yìí á ro sínú àwo tó wà lábẹ́ kóìlì, á sì gba páìpù kékeré jáde. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ni kò ní pọ́ńpù fún un. Ìdagẹ̀rẹ́ páìpù nìkan ló ń darí omi.

Ní Èkó nígbà òjò, afẹ́fẹ́ tó gbóná tó 30 °C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú 100 èyí tó lè gbé, ní omi bíi gíráàmù 24 nínú mítà onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ 1 HP lè fa omi bíi lítà kan jáde láàárín wákàtí kan. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní Ìlọrin, páìpù irú ẹ̀rọ kan náà lè gbẹ táútáú. Ìdí nìyí tí páìpù tó ti dí láti oṣù Kejìlá fi lè máà fi ara hàn títí òjò yóò fi dé.

Ohun tó ń fà á

Dídí ọ̀nà omi ló wọ́pọ̀ jù. Eruku tó bá yọ́ kọjá fílítà á lẹ̀ mọ́ kóìlì tó tutù, omi á fọ̀ ọ́ sínú àwo, ibẹ̀ ni yóò ti di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Kòkòrò àti ọmọńlé náà a máa wọ ẹnu páìpù níta. Bí àwo bá kún, omi á ṣàn sára ògiri. Fífa ìdọ̀tí náà jáde láti ìta tàbí fífi omi ti páìpù ló ń yanjú rẹ̀, àyàfi tí àwo fúnra rẹ̀ bá ti là.

Yìnyín ni èkejì. Fílítà tó dọ̀tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó kọjá lára kóìlì, kóìlì á tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ìrì ara rẹ̀ á sì dì. Bí gáàsì bá ti jò, bẹ́ẹ̀ náà ni: ìfúnpá á lọ sílẹ̀, apá kan kóìlì á sì tutù kọjá 0 °C. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, yìnyín á yọ́, omi á sì pọ̀ ju èyí tí àwo lè gbà. Omi tó ya lulẹ̀ kété lẹ́yìn tí ẹ̀rọ kú sábà máa ń jẹ́ ti yìnyín.

Àwọn kan gbà pé gáàsì ló ń kán sílẹ̀ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn gáàsì tí ẹ̀rọ ń lò, bíi R22, R410A àti R32, á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ ni bí wọ́n bá jáde. Ẹ̀rọ kì í jẹ gáàsì. Bó bá dín, ibì kan ti lu. Kí oníṣẹ́ máa fi gáàsì kún un láìwá ibẹ̀, owó oníbàárà ló ń fi ṣòfò.

Ẹ̀rọ tuntun tó jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ ẹni tó kàn án ni kí a wò. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí páìpù gòkè kó tó sọ̀kalẹ̀, tàbí ẹnu rẹ̀ rì sínú omi garawa tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì há sínú rẹ̀. Ti ẹ̀rọ ojú fèrèsé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju iwájú lọ.

Nígbà mìíràn kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ rárá. Bí fóòmù tí wọ́n fi wé páìpù bàbà bá ti ya, páìpù náà á máa làágùn sára ògiri. Bí ilẹ̀kùn bá sì ṣí sílẹ̀ nígbà òjò, ẹnu ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde lè máa kán omi títí wọn yóò fi tì í.