Iṣẹ́ Adarí Orin Kì í Bẹ̀rẹ̀ Níwájú Èrò

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa tí a ń darí akọrin jù lọ ni pé: kí gan-an ni ẹni tó dúró síwájú, tó ń ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sókè sódò, ń ṣe? Nínú ẹgbẹ́ dùndún, onìyáàlù ló ń darí, a sì ń gbọ́ ìlù rẹ̀. Adarí ọ́kẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá tó ń fi onírúurú ohun èlò kọrin, ní tirẹ̀ kò lu nǹkan kan, kò fọn nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà, ìtàn Georg Solti, gbajúmọ̀ adarí ọ́kẹ́sítírà, ni mo máa ń sọ fún un.

Budapest, ní orílẹ̀-èdè Họ́ńgárì, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1912. György Stern ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ àwọn ọmọ náà di Solti, kí àwọn tó kórìíra Júù má baà tètè dá wọn mọ̀. Ó kọ́ píánò ní ilé ẹ̀kọ́ orin Liszt, níbi tí Béla Bartók, gbajúmọ̀ tó ń ṣàkọsílẹ̀ orin, ti jẹ́ olùkọ́. Ní 1930 ilé ópẹ́rà ìlú náà, níbi tí wọ́n ti ń fi orin ṣe eré orí ìtàgé, gbà á síṣẹ́, àmọ́ ìdí píánò ni wọ́n fi í sí. Bí olórin bá ní ipa tuntun láti kọ́, Solti ni yóò bá a jókòó, tí yóò máa fi píánò kan ṣoṣo tẹ ohun tí gbogbo ọ́kẹ́sítírà máa ṣe, tí yóò máa tún ohùn àti ọ̀rọ̀ ṣe títí yóò fi mọ́ olórin náà lára. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ ibi tí olórin máa ń mí, ibi tí èémí rẹ̀ kò ti ní tó, àti ibi tó yẹ kí ohun èlò rẹlẹ̀ kí ohùn èèyàn lè jáde.

Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe é kí wọ́n tó jẹ́ kó darí, torí pé Júù ni. Alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1938 ni, ópẹ́rà Mozart nípa ìgbéyàwó Figaro. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ọmọ ogun Hitler ti ń wọ Ọ́stríà tó bá Họ́ńgárì pààlà. Solti lọ sí Swítsàlandì ní 1939, ogun sì sé e mọ́ ibẹ̀. Píánò náà ló tún gbà á: òun ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Geneva ní 1942.

Ní 1946, ọ̀pọ̀ adarí Jámánì ti fara kó èérí ìjọba Násì, ni wọ́n bá fa ilé ópẹ́rà Munich lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́, ẹni tí a lè ka iye ìgbà tó ti darí ópẹ́rà! Lójú tèmi, ọdún wọ̀nyẹn nídìí píánò ni kò jẹ́ kó tẹ́. Ó ti ibẹ̀ lọ Frankfurt, ó darí ilé ópẹ́rà Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1961 sí 1971, ó sì darí ọ́kẹ́sítírà Chicago láti 1969 di 1991.

Iṣẹ́ ópẹ́rà le ju bí a ṣe rò lọ. Inú kòtò níwájú ìtàgé ni ọ́kẹ́sítírà máa ń wà, olórin á sì wà lókè, lọ́ọ̀ọ́kán. Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; bó bá ń fi etí nìkan tẹ̀ lé wọn, ẹ̀yìn ni yóò máa wà. Ọwọ́ adarí ló gbọ́dọ̀ máa wò. Láàárín 1958 sí 1965, Solti àti ọ́kẹ́sítírà Vienna Philharmonic gba ópẹ́rà mẹ́rin tí Wagner kọ, tó pè ní Ring, sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àwo orin Decca, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún orin.

Ó gba àmì-ẹ̀yẹ orin Grammy 31, kò sì sẹ́ni tó kọjá rẹ̀ títí Beyoncé fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbóná: ní Covent Garden, Agbárí Aláriwo ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ẹ̀yin adarí, ẹ má kọ́ ìyẹn o. Akọrin ìjọ kì í gba owó oṣù.

Ọ̀dọ́ tó bá ní òun fẹ́ di adarí, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó lè tẹ dùùrù. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, kó lọ kọ́ ọ ná. Bó bá mọ̀ ọ́n tẹ̀, kó bẹ adarí àgbà pé kó fi òun sídìí kíkọ́ àwọn tenor, ìyẹn àwọn ọkùnrin olóhùn òkè, kó sì jókòó tì wọ́n níbẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì.