Kásẹ́ẹ̀tì Géèmù Kì í Ṣe Kásẹ́ẹ̀tì Orin

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Òkèṣà, ní Adó-Èkìtì, mo fi fóònù mi ṣí orin ìbẹ̀rẹ̀ Super Mario Bros. láti inú àwo orin géèmù kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Jàpáàn. Orin náà kò tíì lò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ tí ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù fi gbé irin tó fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, tó wò mí tàánú-tàánú, tó sì ní: “Àbúrò, ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ. Ó ti yára jù. Orin Mario tí a gbọ́ ní kékeré kò sáré báyìí.”

Ó ti tó bí ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kó àwo orin géèmù àtijọ́ jọ, mo sì mọ̀ pé èyí kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pẹ̀lú pé etí ẹ̀gbọ́n kò tàn án. Àwa méjèèjì la jàre. Àfi ẹni tó bá di ìgbàgbọ́ òdì kan mú ni yóò rò pé ọ̀kan nínú wa ti ní láti ṣìnà.

Ìgbàgbọ́ náà nìyí: pé àwọn olórin wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ lọ, wọ́n lu ìlù wọn, wọ́n gba orin sílẹ̀, wọ́n kó o sínú kásẹ́ẹ̀tì géèmù, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dà á kọ sórí àwo. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, orin kan ṣoṣo ló wà, àwo tó bá sì yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn gbọ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n, ńṣe ni wọ́n bà á jẹ́ tàbí kí wọ́n ti yí i. N kò dá ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, nítorí orúkọ tí àwa fúnra wa fún nǹkan náà ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Kásẹ́ẹ̀tì ni a ń pè é. Ọmọ tó dàgbà nínú ilé tí kásẹ́ẹ̀tì orin àti ti ìwàásù kún inú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ni yóò tún rò bí kò ṣe pé téèpù wà nínú ti géèmù náà? Èmi gan-an tú ọ̀kan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mo ń wá téèpù inú rẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé kan ni mo bá, tí wọ́n kán nǹkan dúdú bí ọ̀dà sí lójú méjì, mo sì jẹ ẹgba nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Super Mario Bros. jáde ní Jàpáàn ní 1985. Gbogbo ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn àwòrán, òfin eré, bí Mario ṣe ń fò àti gbogbo orin rẹ̀ pátá, kò ju kílóbáìtì 40 lọ, ìyẹn báìtì bíi 41,000. Orin tí a gbà sílẹ̀ sórí síídì máa ń jẹ báìtì 176,400 fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kó àwòrán àti òfin eré dànù, tí wọ́n fi gbogbo kílóbáìtì 40 yẹn gba orin sílẹ̀ bíi ti síídì, kò ní tó ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí olórin tó la ẹnu, àyè ti tán.

Ohun tí Koji Kondo, tó ṣe orin náà, fi sínú kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohùn. Àṣẹ ni. Àṣẹ náà ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ohùn kìíní gòkè dé ibi báyìí, kí ó dúró fún ìwọ̀n báyìí, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ohùn kejì dákẹ́ ná. Inú ẹ̀rọ tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀, tí í ṣe Famicom tí Nintendo gbé jáde ní 1983, ni akọrin gan-an wà: ṣíìpù kan tó ní ohùn márùn-ún. Méjì ló sábà máa ń gbé orin. Ọ̀kan rọ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣe ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ń hó ṣàà bíi rédíò tí kò tíì mú iléeṣẹ́ kankan, wọ́n ń lò ó bí ìlù. Ìkarùn-ún nìkan ló lè sọ ègé kékeré ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní tòótọ́. Nígbàkigbà tí a bá tan ẹ̀rọ náà, ńṣe ló ń kọ orin lákọ̀tun.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ará Èkìtì láti gbà. Kọ “ilé” àti “igi” sínú ìwé, kí o gbé e fún ọmọ Ọ̀yọ́, “ilé” àti “igi” ni yóò kà. Ìyá mi àgbà ní Ìkéré, bí wọ́n bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ kan náà bí wọ́n ti ń pè é nínú ilé, “ulé” àti “ugi” ni ẹ ó gbọ́. Ìwé kan náà ni, ẹnu ló yàtọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dìde láti sọ pé ayédèrú ni ti ìyá mi àgbà. Kásẹ́ẹ̀tì ni ìwé, ẹ̀rọ ni ẹnu.

Ẹni tó bá ti gbá Mario rí ti rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí láìfura. Bí àkókò tó kù lókè bá ti wálẹ̀ dé 100, orin á bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Bí ó bá ṣe pé téèpù ni wọ́n mú sáré, ohùn rẹ̀ yóò tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ohùn Mario kì í tín-ín-rín, ìrìn rẹ̀ nìkan ló ń yá, nítorí pé akọrin ni wọ́n pàṣẹ fún kí ó yára. Bákan náà, bí Mario bá fò, ọ̀kan nínú àwọn ohùn márùn-ún á fi orin sílẹ̀ láti lọ ṣe ariwo fífò náà, kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwo tí mo rà kò ní fífò kankan nínú. Èyí túmọ̀ sí pé odidi orin tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹni tó ń gbá géèmù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ní odidi rí.

Nígbà tí a bá ti mọ̀ pé ẹnu ni ẹ̀rọ, ìbéèrè tó kù ni ẹnu wo. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn àwa tí ń kó àwo jọ ti máa ń gbóná jù lọ. Konami gbé Akumajō Densetsu jáde ní Jàpáàn ní 1989, wọ́n sì ki ṣíìpù àfikún kan, VRC6, bọ inú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó fi ohùn mẹ́ta kún márùn-ún ti ẹ̀rọ. Nígbà tí géèmù náà dé Amẹ́ríkà ní 1990 tó di Castlevania III, ojú ibi tí a ti ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ NES, ìyẹn Famicom ti Amẹ́ríkà, kò ní ọ̀nà tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ lè gbà kọjá, nítorí náà wọ́n tún orin náà tò fún ohùn márùn-ún péré. Mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ méjì ní Adó tí wọn kò kí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan lórí èwo nínú méjèèjì ni ojúlówó. Ọ̀kan ní èyí tó ṣáájú ni. Èkejì ní èyí tí òun gbọ́ ni. Ní tèmi, ti Jàpáàn ni mo fẹ́ràn, nítorí ó kún bí ẹgbẹ́ akọrin tó péjú, ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú mi nìyẹn, kì í ṣe ìdájọ́. Ojúlówó ni méjèèjì.

Ó tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè ní ẹnu ju ọ̀kan lọ. Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù tí Sega gbé jáde ní 1988, kò dún bákan náà pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Commodore 64, kọ̀ǹpútà ilé ti 1982, sì lo ṣíìpù ohùn 6581 kí wọ́n tó gbé 8580 wọlé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́ sì lè fi etí dá wọn mọ̀. Ẹni tó fẹ́ tẹ orin Streets of Rage tí Yuzo Koshiro ṣe ní 1991 sórí àwo ní láti yan ẹ̀rọ kan, yíyàn náà sì wà nínú ohun tí a ń gbọ́, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà ti là sí méjì. Àwo tí a sábà ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ni Video Game Music, tí Haruomi Hosono ṣe ní Jàpáàn ní 1984 láti inú àwọn géèmù Namco bíi Xevious, tí ariwo eré sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orin. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, orin Dragon Quest tí Koichi Sugiyama ṣe jáde lórí àwo, àwọn ènìyàn tó ń ta fáyólìn ló sì kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ra irú àwo kejì yìí nítorí orúkọ géèmù tó rí lójú páálí, tó wá bá fáyólìn níbi tó ti ń retí ohùn márùn-ún, yóò pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ.

Ọ̀rọ̀ ìparí orin tún wà níbẹ̀. Orin géèmù kì í parí. Ńṣe ló ń yí po títí ẹni tó ń gbá a yóò fi yege tàbí kú. Bíi ti àpíìrì, orin àti ijó ilẹ̀ Èkìtì, ni, níbi òkú àgbà tó bá gbóná: níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọ olóòkú bá ṣì wà lójú agbo, agogo kò ní dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba irú àpíìrì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gé e níbì kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwo géèmù ń ṣe ni pé wọ́n á jẹ́ kí orin yí lẹ́ẹ̀mejì, kí ohùn wá máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Kò sí ìrelẹ̀ yẹn nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ló dá a. Ní 2023, Library of Congress ti Amẹ́ríkà fi orin Mario kún àkójọ àwọn ohùn àgbàsílẹ̀ tó yẹ kí orílẹ̀-èdè náà tọ́jú, òun sì ni orin géèmù àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀. Inú mi dùn, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n fi sáàárín àwọn ohùn àgbàsílẹ̀ yìí, wọn kò gbà á sílẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ pé wọ́n gba orin sílẹ̀ sínú géèmù kì í ṣe òdì níbi gbogbo, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí géèmù bẹ̀rẹ̀ sí wà lórí síídì, àyè wá gba orin tí a gbà sílẹ̀ ní tòótọ́, bí ó ti rí nínú Ys I & II tó jáde fún ẹ̀rọ géèmù PC Engine ní 1989. Síbẹ̀, orí síídì kò fi tipátipá túmọ̀ sí àgbàsílẹ̀: PlayStation ti 1994 ní ṣíìpù olóhùn 24 tirẹ̀, ọ̀pọ̀ géèmù rẹ̀ sì ń pàṣẹ fún un bíi ti àtijọ́.

N kò sì sọ pé ayédèrú kò sí. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ síídì orin géèmù Jàpáàn ni wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ ní Táíwánì láìgba àṣẹ, ọ̀kan wà nílé mi tí mo rà lówó gọbọi. Ṣùgbọ́n àdàkọ síídì a máa dún gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n dà á kọ láti ara rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ tí etí lè mú. Bébà ojú páálí àti nọ́ńbà tó wà létí rẹ̀ ni ó lè tú u fó. Nítorí náà, bí orin bá yára jù tàbí tó falẹ̀ jù, nǹkan mìíràn ni ká máa wá.

Nǹkan mìíràn náà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi dàgbà ní Èkìtì kì í ṣe Famicom gan-an, àfarawé rẹ̀ ni, èyí tó máa ń bá kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè wá, tí ìyẹn á sì máa fọ́nnu pé géèmù ẹgbẹẹgbẹ̀rún wà nínú òun. Ètò PAL ni tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ń lò nígbà náà, tó ń fi àwòrán 50 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti Jàpáàn àti ti Amẹ́ríkà ń fi 60 hàn. Orin Mario sì ń fi àwòrán ka ìṣísẹ̀: bí àwòrán kan bá kọjá, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Lórí àfarawé tí wọ́n ṣe fún PAL, ohùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn orin a falẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tó gba ìṣẹ́jú àáyá 60 ní Jàpáàn yóò gba 72 níbí.

Mo ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n, kò gbà. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde nínú páálí, ó fẹ́ eruku kúrò lẹ́nu kásẹ́ẹ̀tì bí gbogbo wa ti máa ń fẹ́ ẹ, ó sì jó wáyà kan tó já padà. A yan apá orin tó gba ìṣẹ́jú kan gééré lórí àwo, mo sì fi fóònù ka ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti àáyá méjìlá.

“Mo wí fún ọ,” ni ẹ̀gbọ́n sọ, bí ẹni pé òun ló ṣàlàyé fún mi. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń gbọ́ orin náà bó ti ń yí. “Tiwa tó ń wọ́ yìí wá ńkọ́? Ta ló tẹ òun jáde?”

Mo ní n kò rí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde rí. Ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ẹnu tẹlifíṣọ̀n. A gbà á sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì ń dún lábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tó sì yí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni a gé e, nítorí oníbàárà kan gbé fáànù tó bàjẹ́ wọlé.