Bí ọ̀rọ̀ "ààbò àṣà" ṣe wọ ọsibítù

Nígbà tí àbúrò mi bí àkọ́bí ẹ̀ nílùú tí ọkọ ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, màmá wa gbé ìkòkò kékeré kan dání láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé ọ̀hún, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ǹṣì níta lébọ̀, ó ń dúró de olóbì, ìyẹn ibi ọmọ. Ọmọ ké, gbogbo wa dúpẹ́, màmá ní "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ibi ọmọ mi wá", ẹni yẹn ò tiẹ̀ wojú ẹ̀, ó ní àwọn ti dà á nù, ṣé màmá ò mọ̀ pé ayé ti lajú ni. Màmá ò jà o. Ó kàn jókòó, ó gbé ìkòkò lé ẹsẹ̀, ó ń fi etí ìró nù ún, bẹ́ẹ̀ ìkòkò yẹn ò dọ̀tí. Nọ́ọ̀sì lèmi náà, mi ò lè sọ bó ṣe dùn mí tó.

Àṣé ibì kan wà láyé tí irú nǹkan báyìí ti dun àwọn èèyàn títí wọ́n fi sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí gbogbo nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́, ààbò àṣà ni wọ́n pè é. New Zealand ni. Àwọn Māori ló nilẹ̀ kí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó dé, wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Waitangi ní 1840, òyìnbó ò mú púpọ̀ ṣẹ nínú ẹ̀, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, èdè náà fẹ́ẹ̀ bọ́, tára wọn ò bá sì yá, ọsibítù àwọn tó gbalẹ̀ ọ̀hún náà ni wọ́n máa lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà lédè wọn, whenua. Whenua ni wọ́n ń pe ilẹ̀, whenua náà ni wọ́n ń pe ibi ọmọ! Tọ́mọ bá dé, ilẹ̀ ìdílé ni wọ́n ń rì ibi ẹ̀ mọ́, láyé ìgbà yẹn ọsibítù wá ń sun ibi ọ̀hún níná bí ìdọ̀tí. Ṣó yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn fún wa, àwa tá a máa ń sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n rì 'bi mi sí rèé? Orí náà, nǹkan ọ̀wọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, pílò tẹ́ ẹ bá ti fi ti ẹsẹ̀ aláìsàn, ẹ ò gbọ́dọ̀ tún gbé e sábẹ́ orí.

1988 ni wọ́n ṣe ìpàdé kan nílùú Christchurch lórí ọ̀rọ̀ àwọn Māori tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣì wà ní ọdún kìíní dìde, ó ní ẹ̀ ń sọ nípa ààbò lábẹ́ òfin, ẹ̀ ń sọ nípa ààbò nídìí iṣẹ́, ààbò àṣà wá ńkọ́? Irihapeti Ramsden, nọ́ọ̀sì ọmọ Māori, ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn tí ò jẹ́ kó balẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1992, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ti ní dandan ni kí wọ́n máa kọ́ ọ ní gbogbo iléèwé nọ́ọ̀sì. Ariwo sọ, àwọn oníwèé ìròyìn bú wọn, ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn aṣòfin ní 1995, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ náà dúró. Ramsden kú ní 2003, Australia àti Kánádà ti ń lò ó báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ nìyí. Ṣáájú ìgbà yẹn, Madeleine Leininger ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n mọ àṣà àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ramsden ní kò tó. Ara ẹ ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, agbára tó wà lọ́wọ́ ẹ lórí ẹni tó dùbúlẹ̀ síwájú ẹ, àti pé ẹni tó gba ìtọ́jú ló máa sọ bóyá ọkàn òun balẹ̀, kì í ṣe ìwọ tó tọ́jú ẹ̀. Mo rántí ìyàwó Fúlàní kan tó ti gáà wá nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó di ìbòrí ẹ̀ mú, kò fẹ́ kí dókítà ọkùnrin fọwọ́ kan òun, a pariwo mọ́ ọn, a ní alágídí ni, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè nínú wa. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n da ibi ọmọ àbúrò ẹ̀ nù náà mọ bí wọ́n ṣe ń tàbùkù ẹlòmíì.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé irú ọgbọ́n yẹn ò sí nílẹ̀ wa rí. Ní 1954, ọdún 34 ṣáájú ìpàdé Christchurch, Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, àwọn tí orí ń dà láàmú ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì lọ́wọ́ sí i. Kò ti èèyàn mọ́lé kúrò lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni àbúrò mi bí ìkejì sí. Agbẹ̀bí àgbà kan ló gbẹ̀bí ẹ̀, ó jáde síta, ó ń nu ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni tó lanu ó ti kúnlẹ̀ kí màmá, ó ní "Màmá, ẹ kú ewu ọmọ o, ṣé ẹ máa mú ibi lọ sílé àbí ẹ fẹ́ ká bá yín sin ín?" Màmá ò dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìkòkò yẹn yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó nà án sí i.