Prátíkà Físíìsì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ní Èkìtì

Prátíkà físíìsì ni apá ẹ̀kọ́ físíìsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: ó ń wọn nǹkan, ó ń kọ ohun tó rí sínú àtẹ, ó ń ya gíráàfù, ó sì ń ti ibẹ̀ ṣírò. Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n yọ lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, àwọn ọmọ SS1 sí SS3 tó yan sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe é. Nínú ìdánwò WAEC, prátíkà ni ìwé kẹta: ìbéèrè mẹ́ta, kí wọ́n ṣe méjì láàárín wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45, fún máàkì 50. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́. Orí ìwé ló ti ń dáhùn tirẹ̀.

Pẹ́ńdúlọ̀mù ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á so òwú mọ́ bọ́ọ̀lù irin kékeré (nọ́ọ̀tì láti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà tó o), wọ́n á fi kọ́ọ̀kì tí wọ́n là sí méjì há orí òwú mọ́ retort stand (ọ̀pá irin tó ń gbé irinṣẹ́ dúró), wọ́n á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìfì kan. Bí pẹ́ńdúlọ̀mù náà bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50, ìfì 20 ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 28.4, bí ó bá jẹ́ 90, ó ń gbà tó 38.1. Bọ́ọ̀lù náà ì báà wúwo, ì báà fúyẹ́, iye yìí kì í yí padà.

Kíkà ló ń kó bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. "Òdo" ló yẹ kí wọ́n pè bí wọ́n bá ti tẹ aago, kí "ení" di ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá lọ tó bọ̀. Ẹni tó pe "ení" níbẹ̀rẹ̀ ti ka ìfì 19 ní 20, iye g (ìwọ̀n bí eré ohun tó ń já bọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i nítorí òòfà ilẹ̀, tí prátíkà yìí ń wá) tó yẹ kó jẹ́ 9.8 m/s² á sì di bí 10.9. Kò yani lẹ́nu lọ́dọ̀ Yorùbá: ọjà tí à ń ná lọ́jọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń pè ní ọjà ọrún, torí a ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn.

Lórí gíráàfù, T² (àkókò ìfì kan tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀) wà lóròó, gígùn wà níbùú. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà máa ń súnmọ́ 4.03 s²/m, òun ni wọ́n fi ń wá g. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọn òwú nìkan, tí kò wọ̀n ọ́n dé àárín bọ́ọ̀lù, ìlà kò ní gba ojú òdo kọjá, ṣùgbọ́n ìdagẹ̀rẹ̀ kò bàjẹ́. Àṣìṣe rúlà sàn ju àṣìṣe ẹnu lọ níhìn-ín.

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé lè mú bọ́ọ̀lù máa yí bírí dípò kó máa fì, nítorí náà wọ́n ń ti fèrèsé, wọ́n sì ń pa fáànù. Ìṣọ́ra báyìí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìdáhùn gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ti ṣe: "mo pa fáànù", kì í ṣe "màá pa fáànù".

Prátíkà ti ìmọ́lẹ̀ kò gba irinṣẹ́ púpọ̀: gíláàsì onígun mẹ́rin, pínnì mẹ́rin, ojú kan tí a dì. Ti iná mànàmáná ń lo bátìrì, nítorí náà àìsí iná NEPA kì í dá a dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí kọ́kọ́rọ́ ojú iná, kí iná má kọjá mọ́, lẹ́yìn kíkà kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá ṣí i, wáyà á gbóná, bátìrì á rẹ̀, ohun tí ámítà (irinṣẹ́ tó ń wọn iná tó ń kọjá) ń kà á sì máa yí díẹ̀díẹ̀.